Ọdẹ inú géèmù wa ò yàtọ̀ sí ẹni tó kàn gbé ọrun dání, ẹ gbà mí o

OmoEnuwa (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan, ó ti ń lọ sí oṣù méjì báyìí tó ti ń dà mí láàmú. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi méjì là ń ṣe géèmù kan níbí n'Ífẹ̀, RPG ni (géèmù téèyàn ti ń di ẹnì kan nínú ìtàn), Godot, ìyẹn sọ́fíwíà tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, la fi ń ṣe é, kò tóbi púpọ̀ o, igbó kan, ìlú kan, àti ihò àpáta kan tí bọ́ọ̀sì ìkẹyìn (boss, ọ̀tá tó lágbára jù nínú géèmù) ń gbé. Kíláàsì mẹ́ta, ìyẹn irú ẹni téèyàn lè yàn láti jẹ́, ló wà ńbẹ̀: jagunjagun, oníṣègùn àti ọdẹ. Jagunjagun ò ní wàhálà, ẹni tó bá mú un mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Oníṣègùn náà dùn ún gbá, èèyàn á ronú oògùn tó máa lò kó tó lò ó. Ọdẹ yìí gan-an, tó jẹ́ pé tìtorí ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ géèmù ọ̀hún, òun ni ò yé wa mọ́.

Bá a ṣe ṣe é ni pé a gbé ọrun lé e lọ́wọ́, a fún un lájá kan, a wá fún un ní bọ́tìnnì kan, tó bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ ẹran á máa tàn yanran nílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá a gbé e fáwọn ará ilé wa ní Lágere kí wọ́n bá wa gbá a wò. Mo jókòó ti ọ̀kan nínú wọn. Ó mú ọdẹ, ó wọgbó, ó tẹ bọ́tìnnì, ẹsẹ̀ tàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e bí ẹni ń tẹ̀ lé ọ̀dà funfun tí wọ́n fà sójú títì, ojú ẹ̀ ò kúrò nílẹ̀, kò wo igi kan, kò wo odò tá a fi odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yà, ó débi tí ẹran wà, ó ta ọfà mẹ́rin, ẹran kú. Mo ní báwo ló ṣe rí, ó ní "ó dáa, àmọ́ tí wọ́n bá fún jagunjagun lọ́run, òun náà á ṣe é." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra torí òótọ́ ni.

Ajá náà tún níṣòro tiẹ̀. Ó máa ń há sẹ́yìn igi, nígbà míì á sá lọ bá ẹran tá ò rán an sí, tó bá sì kú báyìí, ọdẹ di aláìlera. Tá a bá wá dénú ihò àpáta, níbi tí kò ti sí koríko tí kò sí ẹsẹ̀ ẹran, ṣe lọdẹ á kàn dúró sẹ́yìn á máa ta ọfà ṣáá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbá ranger (orúkọ tí wọ́n ń pe kíláàsì ọdẹ) nínú oríṣiríṣi géèmù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, kí ló ń jẹ́ kí ranger jẹ́ ranger? Tá a bá gba ọrun lọ́wọ́ ẹ̀, kí ló kù?

IjesaGidi (Iléṣà)

OmoEnuwa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè yín tó gbẹ̀yìn yẹn dùn mọ́ mi torí ìdáhùn wà fún un látọjọ́ tó ti pẹ́.

Mo ti ń gbá ranger láti ìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Bọ̀ọ̀dá kan ládùúgbò wa, lẹ́yìn ọjà Àtàkúnmọ̀sà, ló ní kọ̀ǹpútà, Baldur's Gate ti 1998 ló wà lórí ẹ̀, a máa ń tò lẹ́yìn ara wa títí wọ́n á fi múná dé. Ranger kan wà ńbẹ̀ tó ń jẹ́ Minsc, ọkùnrin fìrìgbọ̀n tó ń gbé eku kékeré kan kiri, Boo lorúkọ eku náà. Títí dòní tẹ́ ẹ bá bi ẹni tó gbá géèmù yẹn nípa Minsc, kò ní sọ nǹkan kan nípa ọrun, eku yẹn àti ìbínú ẹ̀ ló máa sọ.

Ọrun kọ́ ló bí ranger, ọ̀pọ̀ ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. 1975 ló kọ́kọ́ jáde fún Dungeons & Dragons, ayò ìtàn táwọn èèyàn ń jókòó yí tábìlì ká ṣe, tẹ́nì kan á máa darí ẹ̀, Joe Fischer ló kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn kékeré kan tàwọn onígéèmù ń kà nígbà yẹn, nígbà tó di 1978 wọ́n gbé e wọnú ìwé òfin ńlá. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n fún un: ó mọ ipasẹ̀ tọ̀, kò rọrùn láti ká a mọ́ lójijì, ó sì máa ń ṣe àwọn òmìrán àti goblin àtàwọn ìbátan wọn léṣe ju bí ẹlòmíì ṣe lè ṣe wọ́n lọ, bó bá ṣe ń gòkè nìyẹn ń pọ̀ sí i. Wọ́n tún dè é lókùn: kò gbọ́dọ̀ ní ju ẹrù tó lè gbé lára tàbí kó dì lé ẹṣin lọ, ranger tó bá ju mẹ́ta lọ ò sì gbọ́dọ̀ jọ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ ò rí i pé èèyàn ni wọ́n ń júwe ńbẹ̀, ẹni tó ń dá rìn, tẹ́rù ẹ̀ fúyẹ́, tó mọ ọ̀tá ẹ̀. Kò sí ẹ̀bùn ọrun kankan nínú ẹ̀. Ẹ̀dà ti 1989 ló fún un láṣẹ láti fi ohun ìjà méjì jà lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tó di 2003 ni wọ́n wá ní kó yan ọ̀kan, ọrun tàbí ohun ìjà méjì. Ọrun tá a wá rò pé òun ni ranger, ẹ̀yìn ló dé.

Àmọ́ ibi tó ti wọ́ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí, torí ibẹ̀ gan-an lẹ̀yin náà há sí. Ẹ̀dà ti 2014. Wọ́n kọ ọ́ pé tí ranger bá wà nírú ilẹ̀ tó mọ̀ dunjú, òun àtàwọn tó ń bá rìn ò lè sọnù àyàfi tí idán bá wọ̀ ọ́, igbó dídí ò ní dá wọn dúró, oúnjẹ tó máa rí nígbó á sì jẹ́ ìlọ́po méjì. Ó dùn létí àbí? Ẹ wá wò ó lójú ayò. Ẹni tó mú ranger mú un nítorí pé ó fẹ́ rìn nígbó, ó fẹ́ wá ọ̀nà, ó fẹ́ wá oúnjẹ. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá wọgbó báyìí, ẹni tó ń darí ayò á ní "ó dáa, ranger wà láàárín yín, ẹ ti débẹ̀." Ó tán! Ohun tó fẹ́ràn jù lọ ni agbára ẹ̀ pa rẹ́. Ọ̀tá tó yàn náà bẹ́ẹ̀, tó bá yan dírágónì tí dírágónì ò sì yọjú títí ayò fi parí, ó ti fi ẹ̀bùn kan ṣòfò. Ariwo tí wọ́n pa lórí ẹ̀ pọ̀ débi pé ní 2020 wọ́n gbé ìwé míì jáde tó ní ohun téèyàn lè fi rọ́pò àwọn nǹkan yẹn. Baldur's Gate 3 tó jáde ní 2023 náà, tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, orúkọ "ọ̀tá tí mo yàn" ló ṣẹ́ kù ńbẹ̀, ohun tó ń fún yín ni òye kan pẹ̀lú ìdán kékeré tàbí àǹfààní láti wọ ẹ̀wù irin.

Bọ́tìnnì tó ń mú ẹsẹ̀ ẹran tàn yẹn, ọ̀gbọọgba ni pẹ̀lú "ẹ ti débẹ̀". Ẹ̀yin lẹ bá a ṣe ọdẹ náà tán.

TitiKóòdù (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ̀gbọ́n IjesaGidi ẹ ṣeun, ìtàn yẹn là mí lójú. Èmi ọ̀rọ̀ ajá ni mo fẹ́ sọ torí iṣẹ́ tí mò ń fi jẹun nìyí, mo sì ti kọ kóòdù ẹran tó ń tẹ̀ lé èèyàn kiri nínú géèmù rí, ó gbẹ̀mí ẹ̀ lọ́wọ́ mi.

OmoEnuwa, ẹ wo nọ́ńbà yín. Ká ní jagunjagun yín ń gbé 24 kúrò lára ọ̀tá ní ìṣẹ́jú àáyá méjì-méjì, 12 ni ní àáyá kan. Ẹ fẹ́ kí ọdẹ náà dé 12 kó má bàa rẹlẹ̀, ẹ wá pín in, ọfà ń mú 9, ajá ń mú 3. Ó bára mu lórí ìwé. Ẹ gbé e délẹ̀ báyìí, ajá há sẹ́yìn igi, ọdẹ ti di 9, ìdá kan nínú mẹ́rin agbára ẹ̀ ti wọ́mi, ẹni tó ń gbá a ò sì ṣe nǹkan kan tí ò dáa, kóòdù ló fìyà jẹ ẹ́. Ẹ wá ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí ajá lágbára sí i kó má tètè kú, ajá á wá máa pa ẹran fúnra ẹ̀, ọdẹ á dúró á máa wò ó. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ pàdánù. Guild Wars 2 bá ìṣòro yìí yí láti 2012, torí ranger ibẹ̀ nígbà yẹn ò lè jà láìsí ẹran ẹ̀, apá kan nínú agbára ẹ̀ wà lára ẹran náà, ẹran náà sì máa ń kú fin-ín nídìí àwọn bọ́ọ̀sì ńlá. Nígbà tó di 2017 wọ́n mú ẹ̀yà ranger kan wá tó lè da ara ẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹran ẹ̀, kí wọ́n di ọ̀kan. Ó bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n ṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n gbà pé ajá ò ṣe é kọ́.

Èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ gba ìjà kúrò lọ́wọ́ ajá. Kẹ́ ẹ gbà á pátápátá, kẹ́ ẹ dá 12 ọdẹ padà fún un. Ajá ọdẹ gidi, ṣé òun ló ń pa ẹran ni? Òun ló ń gbóòórùn, òun ló ń lé e jáde nínú igbó, òun ló ń dá a dúró títí olówó ẹ̀ á fi dé. Ẹ fún un láṣẹ mẹ́ta péré, wá a, lé e, padà. Tí ajá bá wá há sẹ́yìn igi, ó burú o, ṣùgbọ́n ọdẹ ò pàdánù agbára ìjà ẹ̀, ojú kan ló pàdánù. Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, ajá inú géèmù wa, àwa la máa ń kọ ọ́ kó má gbọ́ fèrè, torí náà ẹ ṣe fèrè náà kó jẹ́ pé tọ́dẹ bá ti fọn ún, ajá á pa gbogbo nǹkan tó ń ṣe tì, á padà, kódà tó bá há síbì kan kí kóòdù kàn gbé e sẹ́yìn ọdẹ níbi tójú ò tó.

Ohun kejì tó ń wù mí láti ìgbà tí mo ti ń ronú ẹ̀: ẹ so ṣaworo mọ́ ọn lọ́rùn. Nínú Godot, AudioStreamPlayer3D lẹ máa so mọ́ ajá, ìró ẹ̀ á máa wá láti apá tí ajá wà, tó bá jìnnà á rẹlẹ̀. Tó bá ń gbóòórùn, kí ṣaworo máa dún ṣán, ṣán, jẹ́jẹ́. Tó bá ti ń lé ẹran, kó máa dún ṣanṣanṣanṣan láìdákẹ́. Tó bá dákẹ́ lójijì, ẹni tó ń gbá a á dúró ṣáńgílítí láyè ara ẹ̀, torí ajá ti rí nǹkan, tàbí nǹkan ti rí ajá. Ẹ ò nílò àmì kankan lórí ṣíkírìnì. Jagunjagun ò ní irú ẹ̀, oníṣègùn ò ní irú ẹ̀.

ArolewaOde (Ilé-Ifẹ̀)

Mo ti ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ láti àárọ̀, inú mi ń dùn, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó rẹ̀ yín. Èmi ò mọ kóòdù o, géèmù lórí fóònù ni mò ń gbá, àmọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ọdẹ ni, apá Ìfẹ̀wàrà ló ń gbé, mo ti bá a wọgbó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mo fẹ́ sọ ohun tí mo rí kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó wúlò.

Ọjọ́ kan báyìí, ìdájí, ìrì ṣì wà nílẹ̀. A ń gba ẹ̀gbẹ́ oko kòkó kan lọ. Bàbá dúró, wọ́n gbọ́wọ́ sókè kí n má mira. Mi ò rí nǹkan kan, koríko ni mò ń wò. Wọ́n wá lóṣòó, wọ́n nawọ́ sí koríko tó wà lápá ọ̀tún, wọ́n ní kí n wò ó pẹ̀lú ti apá òsì. Mo wò ó títí, ìgbà tó yá mo rí i: ìrì wà lórí ti òsì, ó ń dán, kò sí ìrì lórí ti ọ̀tún, nǹkan ti fara gbọ̀n ọ́n dà nù. Ìyẹn ni pé lẹ́yìn tílẹ̀ ti ń mọ́ ló kọjá, kì í ṣe lóru. Wọ́n tún nawọ́ sókè díẹ̀, àwọ̀n aláǹtakùn kan wà lójú ọ̀nà náà tó ga tó ìbàdí mi, kò já. Wọ́n ní ohun tó gba abẹ́ èyí kọjá kò lè ga ju báyìí lọ, ìgalà kọ́. A rìn síwájú díẹ̀, a rí pòròpórò koríko wẹ́wẹ́ tí wọ́n gé ní gígé bíi pé ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé e, ó dà sílẹ̀ lójú kan. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní "ọ̀yà." Wọ́n mú ọ̀kan nínú ẹ̀, wọ́n fọwọ́ tẹ ibi tó ti gé, omi ṣì ń yọ. Wọ́n bu erùpẹ̀ gbígbẹ díẹ̀ lábẹ́ igi kan, wọ́n jẹ́ kó máa dà sílẹ̀ láti ọwọ́ wọn láti mọ apá tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, la bá yí ká láti ẹ̀yìn, ọ̀nà yẹn jìn gan-an, ẹ̀gún ń ya mí lẹ́sẹ̀.

Gbogbo ìgbà yìí o, ìbọn ṣì wà léjìká wọn, ẹnikẹ́ni ò tíì ta nǹkan kan. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí nìyẹn. Kí ìbọn tó dún, ọdẹ ti ṣe ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá iṣẹ́ ẹ̀.

Nínú géèmù yín, tí ẹsẹ̀ bá ń tàn, ìdáhùn lẹ fún ẹni tó ń gbá a. Ẹ fún un ní àmì, kó dáhùn fúnra ẹ̀. Ìrì tó gbọ̀n nù, àwọ̀n aláǹtakùn tó já tàbí tí ò já, pòròpórò, èèpo ẹyìn lẹ́nu ihò òkété, omi tó ń sun sínú ojú ẹsẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ tó ń jáde lórí ṣíkírìnì sì máa pọ̀ sí i bí ìmọ̀ ẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i. Nígbà àkọ́kọ́ tó bá fọwọ́ kan ẹsẹ̀ kan, kó sọ pé "ẹsẹ̀ ẹran kan". Tó bá ti rí irú ẹ̀ tó bíi mẹ́wàá, "ẹsẹ̀ ẹtu, ti àárọ̀ yìí ni". Tó bá wá pẹ́ nínú ẹ̀, "abo ẹtu, ó ń rìn jẹ́jẹ́, apá odò ló ń lọ". Kí jagunjagun wo ibì kan náà kó rí "ilẹ̀ tútù". Ibẹ̀ ni mo ti máa mọ̀ pé ọdẹ ni mo mú.

Àti pé ọdẹ máa ń ṣẹ́ ewé sójú ọ̀nà fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kó lè ṣẹ́ ewé. Kó jẹ́ pé ibi tó bá ṣẹ́ ewé sí, àwọn tó ń bá a rìn lè yára gba ibẹ̀. Ọ̀nà tó là fún wọn nìyẹn, òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ là á.

SaboNiMoWa (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ má bínú o, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ yín, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹni tó kàn fẹ́ gbá géèmù. Fóònù ni mò ń lò, inú ọkọ̀ láti Ifẹ̀ sí Iléṣà ni mo ti ń gbá a, ìgbà míì wákàtí kan péré ni mo ní lóòjọ́. Mi ò lè máa wo ìrì. Ìdí tí wọ́n fi fi bọ́tìnnì amẹ́sẹ̀tàn sínú géèmù kì í ṣe pé wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe, The Witcher 3 ti 2015 ṣe é, ẹsẹ̀ máa ń pọ́n nílẹ̀, èèyàn á tẹ̀ lé e, ìtàn á máa lọ síwájú, mo gbádùn ẹ̀ dọ́ba.

Kí ni ẹ tiẹ̀ fẹ́ fi ranger ṣe? Skyrim tó jáde ní 2011 ò ní kíláàsì rárá, ẹni tó bá wù á mú ọrun, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa ta á. Ẹ jẹ́ kí gbogbo èèyàn lè tọpasẹ̀, ẹ jẹ́ kí gbogbo èèyàn lè sin ajá, kẹ́ ẹ yọ ọdẹ kúrò, kẹ́ ẹ fi àkókò yẹn tún ihò àpáta ṣe.

IjesaGidi (Iléṣà)

SaboNiMoWa, ọ̀rọ̀ fóònù yẹn tọ́, kí wọ́n ṣe àmì náà kó tóbi tójú á fi rí i lórí ṣíkírìnì kékeré, kí wọ́n má sì jẹ́ kí wíwá ẹran kan gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́rin lọ. Àmọ́ mi ò gbà pé kí wọ́n yọ ọ́. Skyrim tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn, ẹ bi àwọn tó gbá a, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló parí sórí bẹ̀rẹ̀-mọ́lẹ̀-kó-o-tafà, bóyá ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ ṣe ni tàbí òun kọ́. Nígbà tí gbogbo èèyàn lè ṣe nǹkan, kò sẹ́ni tó jẹ́ tiẹ̀ mọ́.

Witcher náà, iṣẹ́ ìtàn ni ẹsẹ̀ pupa yẹn ń ṣe, ó fẹ́ mú yín débi ọ̀rọ̀ tó kàn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wo ibi tí títọpasẹ̀ ti jẹ́ ayò fúnra ẹ̀, ẹ wo Monster Hunter: World ti 2018. Ẹ máa ń kó ẹsẹ̀ àti àmì ẹran jọ, bó bá ṣe ń pọ̀ ni kòkòrò tó ń tàn á mú yín lọ bá ẹran ọ̀hún, tẹ́ ẹ bá sì ti mọ irú ẹran náà dáadáa, nígbà míì tẹ́ ẹ bá tún wá a, ọ̀nà ẹ̀ á ti yé yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ yẹn tẹ́yin lẹ kó o jọ, ẹnì kan ò fi ta yín lọ́rẹ.

Àwa Ìjẹ̀ṣà, wọ́n mọ̀ wá sí Òṣómàáló, bàbá á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kò ní dìde títí tó máa fi gbowó ẹ̀. Ọdẹ tí mo fẹ́ gbá nìyẹn. Jẹ́ kí n lóṣòó. Jẹ́ kí dídúró mi ní èrè: tí mo bá dúró láìmira lójú afẹ́fẹ́ tó dáa fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ọfà mi kan ṣoṣo yẹn ju mẹ́rin tí mo sáré ta lọ.

OmoEnuwa (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin àbúrò, gbogbo yín ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní kí n má kọ nǹkan kan títí a fi máa gbìyànjú ẹ̀, ó gbà wá lọ́jọ́ mọ́kànlá.

A ti yọ bọ́tìnnì yẹn. A gba ìjà lọ́wọ́ ajá bí TitiKóòdù ṣe sọ, a so ṣaworo mọ́ ọn. Àmì mẹ́ta la fi bẹ̀rẹ̀, ìrì, àwọ̀n aláǹtakùn àti pòròpórò, torí agbára wa ò tíì gbé gbogbo ẹ̀, ìrì yẹn gan-an ló nira jù, a ní láti ṣe koríko méjì-méjì, ọ̀kan tó ń dán àti ọ̀kan tí ò dán, kó sì máa gbẹ fúnra ẹ̀ bí oòrùn inú géèmù bá ṣe ń gòkè, kó má jẹ́ pé ní ọ̀sán gangan ìrì ṣì wà. Ìyẹn wá bí nǹkan tá ò rò tẹ́lẹ̀: àwọn tó ń gbá a ti bẹ̀rẹ̀ sí í jí ọdẹ wọn ní ìdájí, wọ́n ò jẹ́ kílẹ̀ ṣú bá wọn nígbó, a ò sọ fún wọn.

Ẹni tó sọ̀rọ̀ jọ́sí ní Lágere, mo tún gbé e fún un. Ó wọgbó, ó rìn díẹ̀, ó dúró. Mo rí i tó tẹ orí sí ọ̀tún, ó yọ íyàpíìsì kan létí, ó fi padà, ó ní "bọ̀ọ̀dá, ajá mi ti dákẹ́ o." Ohùn ẹ̀ ti rẹlẹ̀ bíi pé ẹran á gbọ́ ọ láti inú fóònù. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló lò lórí ọ̀yà kan ṣoṣo, nígbà tó ta á, ó tàsé. Ó ní òun fẹ́ tún un wá.

Ohun tó kù ni ihò àpáta. SaboNiMoWa, ibẹ̀ lẹ sọ òótọ́ sí, ọdẹ ò tíì níṣẹ́ gidi ńbẹ̀. Ohun tá a ń rò ni pé bọ́ọ̀sì ọ̀hún máa ń jáde wá mumi lódò láàárọ̀, kó máa fi àmì sílẹ̀ nígbó látìgbà tí géèmù ti bẹ̀rẹ̀, irun ẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ẹ̀, igi tó fi ara nù. Ọdẹ tó bá ti kó wọn jọ á mọ ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, á mọ àkókò tó ń sùn, á mọ ibi tó máa dẹ pàkúté sí kí jagunjagun tó wọlé. ArolewaOde, ẹ jọ̀ọ́ tẹ́ ẹ bá tún ń lọ sí Ìfẹ̀wàrà, ẹ bá mi bi bàbá bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ẹran kan ń tiro, kí ló máa ń hàn nínú ojú ẹsẹ̀ ẹ̀? Ìyẹn la fẹ́ yà báyìí.

ArolewaOde (Ilé-Ifẹ̀)

Mo pè wọ́n lórí fóònù lálẹ́ yìí. Wọ́n ní ẹsẹ̀ tó bá ń dùn ún kì í wọlẹ̀ bíi ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kì í sì í nà án jìnnà síwájú, torí náà ojú ẹsẹ̀ méjì á sún mọ́ra, kejì á jìn, á tún sún mọ́ra, báyẹn báyẹn. Nígbà míì ẹ̀ẹ̀ rí ibi tó ti ń wọ́ ọ nílẹ̀. Wọ́n ní kẹ́ ẹ má yà á sórí ilẹ̀ gbígbẹ o, etí odò ni kẹ́ ẹ yà á sí, níbi tí ẹrẹ̀ wà. Wọ́n tún bi mí pé ta ni ń ṣe ẹran yìí lọ́wọ́, mo ní ẹ̀yin ni, wọ́n ní kẹ́ ẹ wá lọ́jọ́ Sátidé, kẹ́ ẹ wọ bàtà tó le.

OmoEnuwa (Ilé-Ifẹ̀)

À ń bọ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ bá wa kí wọn dáadáa.